Dííṣì irin, alumíníọ́mù tàbí fáíbà: èwo ló ń mú sígínà dáadáa ní Àkúrẹ́?

ÌyáOníbọ́ọ̀lù (Ìsìkàn, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo ní ní agbègbè Ìsìkàn: tẹlifíṣọ̀n méjì, jẹnẹrétọ̀ kan, bẹ́ǹṣì tó ń gba bí ogójì ènìyàn. Dííṣì irin tí mo ń lò ti pé ọdún mẹ́sàn-án lórí páànù. Láti bí oṣù mẹ́ta ni àwòrán ti ń gé wẹ́wẹ́. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, kó tó kán rárá, ó ti lọ. Sátidé tó kọjá, ẹni tó fẹ́ gba pẹ́náritì ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn rìn padà, bí ojú tẹlifíṣọ̀n ṣe dúdú nìyẹn. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ yẹn fọ́ bẹ́ǹṣì mi. Ènìyàn mọ́kànlá ni mo dá owó padà fún.

Mo pe ẹni méjì wá wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n ju irin nù, kí n ra alumíníọ́mù, pé alumíníọ́mù ló ń fa sígínà. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, fáíbà ni kí n rà, pé kì í dípẹtà. Àwọn méjèèjì ló ní dííṣì tí wọ́n fẹ́ tà fún mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, èwo ni kí n rà? DStv ni mo ń lò. Dííṣì náà kéré, 60 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60 ní fífẹ̀.

ỌmọẸkímọ̀gún (Oǹdó)

Alumíníọ́mù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó ti wà lórí ilé mi ní Yaba, Oǹdó níbí láti ọdún 2016, kò dà mí láàmú rí. Irin ti di ti ayé àtijọ́.

AṣeDííṣì (Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù. Ọdún mẹ́tàdínlógún nìyí tí mo ti ń gun páànù kiri ìlú yìí. Mi ò ní dííṣì kankan tí mo fẹ́ tà fún yín, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Dííṣì kì í fa sígínà. Dígí ni. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi dígí dá oòrùn sí olùkọ́ lójú nígbà tí a wà nílé ìwé? Iṣẹ́ tí dííṣì ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá bọ́ lù ú láti òkè, á kó o jọ, á jù ú sí ẹnu LNB, orí kékeré tó wà lórí apá iwájú dííṣì. LNB ló ń gbà á. Irin ń ṣe iṣẹ́ yìí, alumíníọ́mù náà ń ṣe é. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ojú dígí wọ́. Ẹni tó bá ti wo ojú ara rẹ̀ nínú ṣíbí mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹnikẹ́ni gun páànù yẹn láàárín oṣù mẹ́ta yìí? Bí ẹ bá fọwọ́ ti òpó tó gbé dííṣì dúró, ṣé ó ń mì? Wáyà ńkọ́, ọjọ́ wo lẹ ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

ỌmọẸkímọ̀gún

Ọ̀gá AṣeDííṣì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Alumíníọ́mù ń gbé iná ju irin lọ. Wáyà iná tó wà lórí òpó ládùúgbò, ṣé irin ni? Alumíníọ́mù ni. Ohun tó bá ń gbé iná jù, òun náà ni yóò gbé sígínà jù.

Olùkọ́Físíìsì (Aúlé, Àkúrẹ́)

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa ará Oǹdó ní làákàyè nínú, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti yà kúrò lọ́nà.

Òótọ́ ni pé alumíníọ́mù ń gbé iná ju irin lọ. Àmọ́ nínú wáyà, iná máa ń rin ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ kìlómítà, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn. Lórí dííṣì, ìgbì sígínà kàn ń bá ojú irin pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó sì yí padà. Kì í wọnú lọ. Sígínà tí DStv ń lò wà ní nǹkan bíi gigahertz 12. Ní ibẹ̀ yẹn, ìgbì kì í wọnú alumíníọ́mù tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kó tó padà sẹ́yìn.

Ẹ wá wo ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú àríyànjiyàn yìí. Dííṣì tí a ń pè ní irin, síǹkì ni wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà, bí ìgbà tí wọ́n bo páànù ilé. Síǹkì yẹn nípọn ní ìlọ́po púpọ̀ ju ibi tí ìgbì lè wọ̀ dé. Nítorí náà sígínà kò tilẹ̀ fojú kan irin rí. Síǹkì ló ń bá pàdé. Ẹni tó ń sọ pé irin kò dára tó alumíníọ́mù ń bá ohun tí sígínà kò mọ̀ rí jà ni. Láàárín síǹkì àti alumíníọ́mù, ohun tó sọnù kéré tó bẹ́ẹ̀ tí dìkódà yín kò lè kà á.

Ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni bí ojú dííṣì ṣe rí. Ìgbì náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Bí ojú dííṣì bá yẹ̀ kúrò ní bó ṣe yẹ kó rí pẹ̀lú mìlímítà 1 péré, ní ìpíndọ́gba káàkiri, bí ìdá 22 nínú 100 sígínà ti lọ nìyẹn. Bó bá di mìlímítà 2, ó lé ní ìdá 60 nínú 100. Mìlímítà 2 péré o. Ẹ ò lè fojú rí i láti ìsàlẹ̀ ilé.

ÌyáOníbọ́ọ̀lù

Olùkọ́, ẹ ṣeun, àmọ́ orí mi ti ń yí. Báwo ni èmi tí mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ṣe fẹ́ mọ mìlímítà 2?

Ọ̀gá AṣeDííṣì, òpó kò mì. Wáyà, ọdún tó kọjá ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó gun páànù ni káfíńtà tó wá dí ibi tó ń jò fún mi. Ó tó bí oṣù mẹ́ta lóòótọ́. Háà.

BàbáÌjàpò (Ìjàpò, Àkúrẹ́)

Káfíńtà! Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

AṣeDííṣì

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná, Bàbá, ká tó dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi.

Ìyá wa, ẹ rán ọmọ kan kó lọ ra òwú, irú èyí tí bíríkìlà fi ń ta ìlà. Kí ó ta ọ̀kan láti etí dííṣì lókè dé etí ìsàlẹ̀, kó fà á le dáadáa, kó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí méjèèjì. Kó ta èkejì láti ọ̀tún sí òsì lọ́nà kan náà. Níbi tí òwú méjèèjì ti gba orí ara wọn kọjá láàárín, ó yẹ kí wọ́n kàn fara kan ara wọn ni, kí ọ̀kan má tẹ èkejì, kí àlàfo má sì wà. Etí dííṣì yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Bí àlàfo bá wà, dííṣì ti wọ́.

Lẹ́yìn náà kó pààrọ̀ wọn, kí òwú tó wà lábẹ́ bọ́ sókè. Bí òwú òkè bá ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí àlàfo kankan lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ìwà ọ̀lẹ ni.

Ẹ má dojú kọ ìpẹtà. Ìpẹtà pupa tó wà lójú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí sígínà lọ́wọ́, àfi bó bá ti jẹ irin lu. Níbi nọ́ọ̀tì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rù ìpẹtà.

AráÌgbókọ̀dá (Ìlàjẹ)

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà yẹn, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ lẹ lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní ọ̀dọ̀ wa lápá òkun, iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ọdún méjì, ẹsẹ̀ dííṣì irin ti ń ya bí bísíkíìtì. Mo ti lo mẹ́ta. Níbí, alumíníọ́mù tàbí fáíbà ni ọlọ́gbọ́n ń rà, kì í ṣe nítorí sígínà, nítorí kó lè wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni.

Olùkọ́Físíìsì

Ìdí tó dára nìyẹn láti fi ra alumíníọ́mù, ó sì dára ju èyí tí wọ́n sọ fún Ìyá lọ.

TúndéAláwọ̀ (Òkè Àró)

Ẹ jọ̀ọ́, fáíbà ńkọ́? Mo rò pé rọ́bà ni. Báwo ni rọ́bà ṣe ń dá sígínà padà?

AṣeDííṣì

Kì í dá a padà, Túndé. Ìgbì máa ń gba inú fáíbà kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú ọ̀rá omi tútù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni nẹ́ẹ̀tì tàbí bébà onírin tí wọ́n tẹ́ sáàárín rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n. Ìjì gbé ọ̀kan já nílẹ̀ lójú mi lọ́nà Ọdà, ó fọ́ sí méjì, nẹ́ẹ̀tì tó yọ ní etí tó fọ́ dà bí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé gẹ́lẹ́. Nítorí náà bí ẹ bá ń ra fáíbà, irin náà ni ẹ ṣì ń rà, ó kàn wọ ẹ̀wù ni.

Ire rẹ̀ ni pé kì í dípẹtà, kì í sì í tẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó wúwo, bí omi bá sì wọ ibi tó sán, ó máa ń wú, ojú rẹ̀ á yí padà.

BàbáÌjàpò

Ẹ ti mẹ́nu kan nẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní àwọn ọdún 1990, bí o bá rí dííṣì ńlá dúdú oníhò wẹ́wẹ́ lórí ilé kan ní Alágbàká tàbí níhìn-ín, o mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni fífẹ̀ rẹ̀. Ọmọ àdúgbò tí kò tíì rí i rí máa ń bi mí bóyá mo ń bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, òjò kì í ṣe é ní nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn dìkódà tuntun dé, mo ní kí wọ́n kúkú gbé LNB tuntun sórí ti àtijọ́, ṣebí ó tóbi ju ti gbogbo ènìyàn lọ. A fi odidi ọjọ́ kan ṣe é. Sígínà tó wọlé kò tó ti dííṣì kékeré tó wà lórí ilé aládùúgbò mi. Ó dùn mí gan-an. Títí di òní kò sí ẹni tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi.

Olùkọ́Físíìsì

Bàbá, ihò yẹn ni. Dííṣì oníhò ń ṣiṣẹ́ bí ihò rẹ̀ bá kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìgbì. Ìgbì C-band tí ẹ ń gbà nígbà náà wà ní bíi gigahertz 4, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, ihò mìlímítà 7 kò ṣe é ní nǹkan kan. Ti dìkódà tuntun jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5, ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 2 àti ààbọ̀ lọ. Nínú ihò dííṣì yín, púpọ̀ nínú sígínà náà ń bọ́ sọnù. Bákan náà, ojú dííṣì tó ṣe gbágungbàgun pẹ̀lú mìlímítà 2 kò ní pa C-band lára púpọ̀, bíi ìdá 10 nínú 100 ni yóò lọ, kì í ṣe 60.

Ohun kan náà ló fà á tí òjò kì í fi í dà yín láàmú nígbà yẹn. Ìgbì tó gùn máa ń gba àárín ẹ̀kán òjò kọjá láìfarapa. Èyí tó kúrú ni ẹ̀kán òjò máa ń gbé mì. Àwọn oní-físíìsì FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ohun tí òjò ń ṣe sí sígínà sátẹ́láìtì, nítorí òjò ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe òjò wínníwínní.

BàbáÌjàpò

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo ti ń bínú sí ẹni tó wá ṣe é. Ẹ ṣeun.

TúndéAláwọ̀

Èmi náà ní ẹjọ́. Mo kun dííṣì mi ní sílífà tó ń dán gbinrin, mo rò pé yóò dá sígínà padà sí i. Ó lẹ́wà gan-an o. Lóṣù Kẹta, bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ìdérí LNB mi yọ́ rọ̀ bí àbẹ́là. Mo rò pé ẹnìkan dáná sun ún.

AṣeDííṣì

Oòrùn ló dáná sun ún, Túndé. Lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì kọjá gan-an. Bí dííṣì bá ń dán, ìmọ́lẹ̀ àti ooru á tẹ̀ lé sígínà lọ sí ẹnu LNB. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ ń lò kì í fi í dán. Ọ̀dà tí kò dán, tí kò ní irin nínú, tí kò nípọn, ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá láìbéèrè ọ̀nà.

ÌyáOníbọ́ọ̀lù

Ẹ wò ó, òwú ti sọ̀rọ̀. Ọmọ mi gun òkè láàárọ̀ yìí, mo wà lórí àkàbà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́, òwú méjèèjì fara kanra, mo ti ń dúpẹ́. A pààrọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní ká ṣe, ó wá hàn: àlàfo tí ìka ìlábẹ̀ mi gbà wọlé dáadáa. Etí ọwọ́ òsì ti tẹ̀ sínú. Ní ibẹ̀ gan-an, ọ̀dà ti fá ní ojú méjì, bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe jìnnà síra.

Mo pe káfíńtà. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ní kó wá fi ẹsẹ̀ àkàbà rẹ̀ wọn ojú ibi tó fá, ó ní bóyá ó ṣèèṣì fara tì í. Ṣé mo lè nà án padà?

AṣeDííṣì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hámà kàn án. Irin tó ti tẹ̀ kì í padà sí mìlímítà. Ẹ ra tuntun, kó sì jẹ́ 90. Láti 60 sí 90, ojú tó ń gba sígínà ju ìlọ́po méjì lọ, ìyẹn ni yóò fún yín láyè nígbà òjò. Bí òjò bá rọ̀ gidi gan-an, yóò ṣì já fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní irọ́ lórí ìyẹn.

Ní Ìsìkàn, irin olómi síǹkì tó nípọn, tí etí rẹ̀ ká dáadáa, tó yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, ẹ gbìyànjú láti fún un bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ fún aṣọ. Bó bá ń yí lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ burú ju irin tó nípọn lọ, àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri náà sì mọ iye rẹ̀ dáadáa. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání, yọ ọ́ nínú sípíkà tó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ní alumíníọ́mù ni, tó sì gbá a mú, owó irin ni kí ẹ san.

ÌyáOníbọ́ọ̀lù

Ẹ rẹ́rìn-ín fún mi. Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, ọmọkùnrin náà ní, "Màmá, alumíníọ́mù ojúlówó nìyí." Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì nínú báàgì. Kò tíì dé ara dííṣì tó fi já lọ́wọ́ mi, *pàá!* Ọmọ náà wo mágínẹ́ẹ̀tì, ó wo mi, ó ní, "Màmá, alumíníọ́mù tó lágbára ni." Mo san owó irin. Mo sì ti fún un bí aṣọ ná, kò yí.

ỌmọẸkímọ̀gún

Ẹ dá mi dúró díẹ̀. Mo gun òkè lọ wo tèmi náà. Dííṣì fúnra rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí nọ́ọ̀tì ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan wà yí ihò náà ká, mo fọwọ́ gbo ó, ó ṣí. Kí nìyẹn?

Olùkọ́Físíìsì

Nọ́ọ̀tì irin ni, abí? Bí irin bá fara kan alumíníọ́mù, tí omi òjò sì wà láàárín wọn, alumíníọ́mù ni yóò máa jẹ run. Ẹ pààrọ̀ wọn sí nọ́ọ̀tì onírin-àìdípẹtà, kí ẹ sì fi wáṣà rọ́bà sáàárín. Bí ihò yẹn bá fẹ̀ sí i, dííṣì á máa yẹ̀.

AṣeDííṣì

Ìyá wa náà, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó pe ẹni tó máa gbé e. Sátẹ́láìtì DStv wà ní dígírì 36 ìlà oòrùn. Láti Àkúrẹ́ níbí, dííṣì á kọjú sí ìlà oòrùn, á yẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, nǹkan bíi 102 lórí kọ́ńpáàsì, sígínà sì ń bọ̀ láti òkè ní bíi dígírì 53. Ojú dííṣì kò ní dà bí ẹni tó ń wòkè tó bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ni. Dííṣì 90 le í tò ju 60 lọ. Bó bá yẹ̀ ní dígírì 1 péré, ìdajì ti lọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán tò ó, tó ní ó ti wọlé, kí ẹ má sanwó fún un. Kí ó fi mítà wá ibi tó ga jù lọ, kó sì wo òǹkà náà lẹ́yìn tó bá ti fún nọ́ọ̀tì le tán, nítorí ìgbà tí wọ́n bá ń fún un ló máa ń sún.

ÌyáOníbọ́ọ̀lù

Ó sún lóòótọ́! Òǹkà wà ní 84, ó fún nọ́ọ̀tì, ó di 71. Mo ní kó tú u. Ó ń kùn sínú, ó sì tún un ṣe, ó dúró ní 83.

Òjò àná yẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àkúrẹ́ mọ̀ ọ́n. Òǹkà wálẹ̀ sí 52, àwòrán ò gé. Ìgbà tí ààrá wá bẹ̀rẹ̀ gidi, ó lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó padà dé. Kò sẹ́ni tó béèrè owó.

Màmá mi ti gba dííṣì àtijọ́. Ó ń fi í sá ata ní ẹ̀yìnkùlé.

BàbáÌjàpò

Ti oníhò tèmi yẹn, adìyẹ ni mo fi í dé. Ṣé ata náà ń gbẹ?

ÌyáOníbọ́ọ̀lù

Ó ń gbẹ, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ òsì tó tẹ̀ yẹn nìkan ni omi máa ń dúró sí.